Àdàlú Nínú Ikùn Aláàwẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi. Gbogbo ìjọ aládùúrà wa ní Ìdànrè ló ń gbọ́ yín.

Inú ló ń run ọkọ mi. Dókítà kan ní Àkúrẹ́ ní àwọn máa ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun rẹ̀ lọ wò bóyá ọgbẹ́ inú ni, kó má fẹnu kan oúnjẹ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọkọ mi ní dípò alẹ́ kan, ọjọ́ mẹ́ta gbáko lòun máa gbààwẹ̀. Ìjọ bá a gbà á. Èmi náà ò dáná.

Nígbà tí kámẹ́rà dénú, dókítà ní, "Màmá, ẹ wá wò ó." Lórí tẹlifíṣọ̀n wọn, mo rí àgbàdo, mo rí ẹ̀wà, mo rí ata. Àdàlú ni. Dókítà fa kámẹ́rà yọ, ó ní ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí àdàlú bo ibi tóun fẹ́ wò.

Nínú ọkọ̀, mo bi í. Ó ní bí ẹyẹ ìwò ṣe bọ́ Èlíjà ni Olúwa ṣe bọ́ òun, pé ara òun ti yá, òun ò padà lọ mọ́. Ó tún fẹ́ jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ bó ṣe ń kérora.

Ṣé kí n sọ ohun tí mo rí fún ìjọ, kí wọ́n lè lé e padà sọ́dọ̀ dókítà, àbí kí n bò ó láṣìírí? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Bí ẹyẹ ìwò tó ń se àdàlú ní Ìdànrè bá sì ń gbọ́ wa, ẹ bá mi sọ fún un kó dín ata kù. Ọlọ́gbẹ́ inú ló ń bọ́.

Èmi ni, ìyàwó aláàwẹ̀.