Àpótí Omi Tí O Kò Yà

Ilé Búlọ́ọ̀kù,
Ẹ̀yìn Ọjà, Ifọ̀.
Ọjọ́ Ajé.

Fadilah, Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Àsàlámù àlékùn. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí, mi ò bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí mo lè máa sọ sí etí ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé wọ́n ti ń mú iná wá fún yín ní Arepo, àbí ẹ ṣì ń jókòó sínú ooru? Kí Ọlọ́hun máa ṣọ́ àlọ rẹ, kó máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ lójú títì márosẹ̀ tí ò ń tọ̀ lójoojúmọ́ yẹn, kó jẹ́ kí ọ̀gá rẹ máa fi ojú rere wò ọ́, kó sì fún ọ ní ọkọ tó máa ka ìyá rẹ sí. Àmín. Àwa náà wà, a dúpẹ́. Òjò ò tíì rọ̀ ní Ifọ̀ láti ìgbà tí o ti lọ lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀, oòrùn yìí sì le débi pé abẹ́ típà Sódìq ni ewúrẹ́ wa ń sùn.

Ǹ bá pè ọ́, ṣùgbọ́n fóònù mi ò gbọ́ràn mọ́. Ó ń kọ ọ́ sójú pé àyè ti kún. Mo tú àpò rẹ̀ wò, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ yàtọ̀ sí fóònù fúnra rẹ̀. Mo wá pa nọ́ńbà gbogbo àwọn tó ti kú rẹ́ kí àwọn tó kù lè rọra jókòó, síbẹ̀ ó ní ó kún. Sódìq awakọ̀ wa ni yóò mú ìwé yìí wá nígbà tó bá ń gbé búlọ́ọ̀kù lọ sí ọ̀dọ̀ yín. Tó bá dé, fún un lómi mu.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ìwé tí o yà fún bàbá rẹ nígbà tí o wálé. O gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ sórí àpò sìmẹ́ńtì, o ní bí ẹ ṣe ń ṣe ní ọ́fíìsì yín nìyẹn, pé ẹ máa ń kó gbogbo ohun tó wà nínú òwò ẹnìkan sínú àpótí àpótí, ẹ ó wá fa ilà láti àpótí kan sí òmíràn, ẹ ó kọ ohun tí èyí ń ṣe fún tọ̀hún sórí ilà, kí ẹni tí kò mọ òwò náà rí lè wò ó kó sì yé e. O ní o fẹ́ fi òwò búlọ́ọ̀kù wa dánra wò. Ọjọ́ méjì gbáko ni o fi ń bi bàbá rẹ ní ìbéèrè. O ní kí ni oníbàárà. Ó ní ta ni kò mọ oníbàárà. O ní ṣé ẹni tó ti sanwó ni àbí ẹni tó kàn ná ọjà tó lọ. Ẹ fa ọ̀rọ̀ yẹn títí ọbẹ̀ fi tutù, kí ẹ tó fẹnu kò pé ẹni tó bá ti sanwó ni oníbàárà, o sì kọ ọ́ sínú àpótí rẹ̀. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Ìdí kànga ni mo ti ń wò yín, mo ń sọ lọ́kàn mi pé ọmọ tí mo bí ló ń bi bàbá rẹ̀ léèrè tí bàbá rẹ̀ ń ronú yìí.

O tẹ ìwé náà, o fi sílẹ̀, o lọ. Bàbá rẹ gbé e lọ sí Àgbàdo, wọ́n fi ọ̀rá dídán bò ó, ó gbé e padà wálé, ó sì kàn án mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá wà nínú ìwé là ń ṣe. Ẹni tó bá wá ná búlọ́ọ̀kù tí kò tíì sanwó, bàbá rẹ kì í dá a lóhùn ìkíni mọ́, ó ní kò tíì di oníbàárà. Torí pé ìsàlẹ̀ pátápátá lápá òsì ni o ya àpótí ọkọ̀ sí, ó ní apá òsì ni kí Sódìq máa gbé típà sí, inú gọ́tà ni o, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan ti rì síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. O tún kọ oókan sí ẹ̀gbẹ́ oníbàárà lórí ilà kan, ó ní oníbàárà kan péré ni ìwé fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní kí obìnrin kan tó mú owó igba búlọ́ọ̀kù wá máa lọ, kó padà wá lọ́la. Mo sọ ọ́ lọ́kàn mi pé ìmọ̀ ìwé ni, bóyá bí àwọn tó ti là ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ó wá kàn mí. O kọ ọ́ sínú àpótí búlọ́ọ̀kù pé ohun tí a fi yanrìn àti sìmẹ́ńtì mọ ni. Àpótí yanrìn wà, ti sìmẹ́ńtì wà, ti ẹ̀rọ wà, ti lébìrà wà, kódà o ya àpótí fún ṣọ́bìrì. Mo fi ìka tọ gbogbo ilà yẹn níkọ̀ọ̀kan, mo wá omi títí, mi ò rí i. Èyí tí àwọn lébìrà fi ń po yanrìn, bàbá rẹ ní ó wà lára pípo, kò nílò àpótí. Ṣùgbọ́n omi àárọ̀ àti omi ìrọ̀lẹ́ tí a máa ń bu rin búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn tí wọ́n bá mọ ọ́n tán, fún odidi ọ̀sẹ̀ kan kó tó gbó, tí kò bá rí i tí yóò sán, ìyẹn ni kò sí níbì kankan. Ìwọ náà mọ̀ pé èmi ni mò ń ṣe é, láti ìgbà tí mo ti ń pọ̀n ọ́. Bàbá rẹ pè mí jókòó, ó fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó ní ọmọ ti yọ iṣẹ́ omi kúrò, pé ó dà bíi pé o fẹ́ kí n sinmi, kí n gbé garawa sílẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀. Ó dùn mí. Mo sunkún díẹ̀ nínú yàrá, mi ò ní fi pa mọ́ fún ọ.

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo gbé garawa sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga tó ń kọ́lé sí Àgbàdo wá kó ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Lébìrà gbé àkọ́kọ́, ó kán sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé èkejì, etí rẹ̀ rún bíi búrẹ́dì àná. Ọkùnrin náà ò pariwo. Ó ní búlọ́ọ̀kù yín náà lòun fi kọ́ ilé òun àkọ́kọ́, kò sán di òní, kí ló wá ṣe èyí. Bàbá rẹ wo ìwé ara ògiri lọ, ó wò ó bọ̀. Ó wá bá mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n padà sí ìdí kànga, pé àwọn máa mọ òmíràn, bí kò bá sì gbó dáadáa kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, ọkùnrin náà yóò lọ rà á níbòmíràn. Mo ní rárá. Mo ní ìwé ni mò ń tẹ̀lé, kó fi ilà tèmi hàn mí. Ó fa bírò yọ, ó fẹ́ ya àpótí kan sórí ọ̀rá dídán náà, bírò ń yọ̀, kò mú. Mo ní mi ò fẹ́ ti bírò, ẹni tó yọ mí nínú kọ̀ǹpútà ni kó dá mi padà sínú kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti kọ̀ fún un, tí mo jókòó. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀ ló ń fa omi, pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tó ń dùn ún, ojú kan ló sì máa ń da gbogbo rẹ̀ sí.

Mo ti ń rò ó, Fadilah. Bóyá torí a kì í ra omi, o rò pé kì í ṣe nǹkan. Bóyá ohun tí ìyá ẹni bá ń ṣe lójoojúmọ́, ojú kì í rí i mọ́. Bóyá o kàn gbàgbé. Èwo ni nínú rẹ̀? Sọ ọ́ fún mi ní tààrà. Bí ó bá jẹ́ pé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí n lè sinmi ni, kò rẹ̀ mí o.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ya àpótí omi, fa ilà láti ara rẹ̀ dé ara búlọ́ọ̀kù, kí o kọ ọ́ sórí ilà náà pé òun ni kì í jẹ́ kó sán. O ní ẹ kì í kọ orúkọ ènìyàn síbẹ̀, pé iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe lẹ ń kọ, ó dáa, kọ Abomirin. Gbogbo ẹni tó bá wá síbí yóò mọ̀ pé èmi ni. Má yà á sí apá òsì nísàlẹ̀, bàbá rẹ yóò ní kí n wá dúró sínú gọ́tà. Kí o fi owó rọ́bà gígùn tí a fi ń fami sí i, ti tẹ́lẹ̀ ti ya, àti owó díẹ̀ tí mo lè fi ra àyè kún inú fóònù mi. Bí owó ò bá sí, kí owó dúró, kí ìwé kọ́kọ́ wá.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọwọ́ tí o fi ń yà á. Oúnjẹ ò ní wọ́n ọ, àìsàn ò ní mọ ilé rẹ, àwọn tí ò ń ṣe iṣẹ́ fún ò ní gbàgbé rẹ. Àmín.

Ohun kan wà tí o ò gbọdọ̀ sọ fún bàbá rẹ. Tó bá ti kírun àsùbáà tán tó padà lọ dùbúlẹ̀, mo máa ń yọ́ jáde lọ bu omi rin búlọ́ọ̀kù tuntun tí wọ́n mọ fún Ọ̀gbẹ́ni Gbémiga, láti orí ilà kìíní dé ìkẹyìn, nítorí mi ò lè máa wo ohun tó ń gbẹ kí n jókòó. Búlọ́ọ̀kù náà ti ń gbó dáadáa. Bàbá rẹ rò pé omi ìrọ̀lẹ́ tòun ni, ó ti ń yin ara rẹ̀, mo ń wò ó. Ṣùgbọ́n má torí pé mò ń ṣe é láìní àpótí kí o wá sọ pé mi ò nílò rẹ̀.

Èmi ni ìyá rẹ,
Hàfísátù.