Ẹ́ńjìnnì Mi Ò Bàjẹ́ Lọ́jọ́ Ìbò

Ádímìn, ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́. Kò sóhun tó ṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mi lọ́jọ́ ìbò aṣòfin Àbújá. Èmi ni mo yọ pulọ́ọ̀gì rẹ̀, tí mo sọ ọ́ sápò.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni mí, tíṣà ni mí ní Badagry, Tòpó ni mo ti fẹ́yàwó. Àbúrò bàbá ìyàwó mi, Dádì Apá la máa ń pè wọ́n torí ìlú Apá ni wọ́n ń gbé, ni wọ́n ń du ipò aṣòfin. Bàbá, ìyẹn bàbá ìyàwó mi, ní kí n fọkọ̀ mi kó àwọn ará ilé láti Tòpó sọdá sí Badagry níbi tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ láti dìbò... mo ní kò burú. Àmọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Dádì Apá pè mí ní àtọ̀húnrìnwá lójú ìyàwó mi! Wọ́n ní kí n panu mọ́ níbi tọ́mọ onílẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀. Ó dùn mí wọra. Mo ní ṣebí ọkọ̀ kan ṣoṣo ni, kí ló fẹ́ bàjẹ́? Mo jókòó ti ẹ́ńjìnnì, mo ń fi epo para bí ẹni ń tún un ṣe. Nígbà tó pẹ́, Bàbá fàjẹ̀ wa ọkọ̀ kékeré fúnra wọn, pẹ̀lú arúgbó ara... wọ́n débẹ̀, ìbò ti parí.

Dádì Apá fìdí rẹmi. Iye ìbò tí wọ́n fi fìdí rẹmi ò tó èrò tó ń kún ọkọ̀ mi! Ẹgbẹ́ wọn ló sì ń ṣèjọba o, àmọ́ wọn ò ní tó ìdajì àga nílé aṣòfin, bí wọ́n bá gbé àbá kalẹ̀, àfi kí wọ́n máa bẹ ẹgbẹ́ mìíràn. Bí rédíò bá ti ń sọ ọ́, Dádì Apá á ní ẹ̀gbọ́n àwọn ló ta àwọn, pé ṣe ni Bàbá mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé. Àwọn tó ń jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré ò kíra wọn mọ́. Bàbá kàn ń di àwọ̀n ẹja wọn. Èmi gan-an ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, pé mo gbìyànjú lórí ẹ́ńjìnnì. Ojú ń tì mí, mi ò lè jẹ ẹja tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ mọ́.

Sátidé yìí ni ìpàdé ẹbí ní Apá. Bàbá ní èmi lẹlẹ́rìí àwọn, pé àna àwọn kì í parọ́. Tí mo bá jẹ́wọ́, ṣé ìyàwó mi á dúró? Tí mi ò bá jẹ́wọ́ ńkọ́, ṣé báyìí ni Bàbá á ṣe kú, tí wọ́n á máa pè wọ́n lọ́dàlẹ̀? Pulọ́ọ̀gì yẹn ṣì wà nínú agolo mílíìkì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa... Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbé láàárín àna, ṣé kí n mú un dání lọ sí Apá?