Ìwé Ìdánwò Tó Jáde ní Yàrá Tí A Kò Rán an Sí

Yàrá Sáfà, Àjà Kejì,
Ilé Ẹ̀kọ́ Girama.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹta.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ilé Ẹ̀kọ́ Girama,
Ilé Ìṣàkóso, Yàrá Kìíní.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ KÍ ÌGBÌMỌ̀ DÁ AKỌ̀WÉ ATẸ̀WÉ PADÀ SẸ́NU IṢẸ́, KÍ WỌ́N SÌ FI SÁFÀ ÌTẸ̀WÉ SÍLẸ̀ NÍBI TÓ WÀ

1. Èmi ni mo ń tọ́jú kọ̀ǹpútà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́ yìí láti ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù yìí, ìgbìmọ̀ yóò jókòó láti pinnu bóyá kí akọ̀wé atẹ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tí wọ́n ti dá dúró, fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Àǹtí Atẹ̀wé ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń pè é. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ fi ìbéèrè ìdánwò ìṣirò ọdún kẹta ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní Yàrá Kọ̀ǹpútà Kejì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti rí i. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ mi, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin.

2. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ bí ìwé ṣe ń kúrò lójú kọ̀ǹpútà dé orí bébà nílé ẹ̀kọ́ wa. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé márùn-ún la ní: ọ̀kan ní ọ́fíìsì, ọ̀kan ní yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀kan ní ilé ìkàwé, àti ọ̀kan nínú yàrá kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. A kò so èyíkéyìí nínú wọn mọ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. Kọ̀ǹpútà kan wà nínú yàrá mi tí à ń pè ní sáfà ìtẹ̀wé. Òun ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù, tó ń tò ó sórí ìlà bí wọ́n ṣe dé, tó sì ń gbé e fún ẹ̀rọ tí ẹni tó rán an bá yàn. Ẹni tó bá yan "Ọ́fíìsì" ń sọ fún sáfà pé ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni kó gbé iṣẹ́ òun fún. Ṣùgbọ́n sáfà kò lójú tó fi ń rí yàrá. Nọ́ńbà tí mo fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ló mọ̀, nọ́ńbà náà sì ń bá ẹ̀rọ rìn bí nọ́ńbà fóònù ṣe ń bá fóònù rìn. Bí ẹ bá gbé fóònù yín kúrò ní pálọ̀ lọ sí ilé ìdáná, tí ẹnì kan bá pè yín, ilé ìdáná ni yóò ti dún. Ẹni tó pè yín kò ní mọ̀.

3. Nígbà tí àwọn ẹ̀rọ márààrún dé lọ́dún tó kọjá, wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí èmi fúnra mi kò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì láìyí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, níbi tí nọ́ńbà rẹ̀ wà. Mo kọ orúkọ yàrá sórí bébà kéékèèké, mo sì fẹ́ lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ẹ̀rọ. Igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀, gọ́ọ̀mù yóò sì ba ara ẹ̀rọ tuntun jẹ́. Wọ́n ní kí n lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ tábìlì. Wọn kò ní èrò burúkú lọ́kàn. Èmi tí mo kọ́ iṣẹ́ yìí ló yẹ kí n sọ fún wọn nígbà náà pé ẹ̀rọ la ń fún lórúkọ, a kì í fún tábìlì. Mi ò sọ ọ́.

4. Ní Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kejì, àwọn tó wá kun ilé kó gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì fi ọ̀rá bò wọ́n. Nígbà tí ọ̀dà gbẹ, wọ́n kó wọn padà. Mo ti bi olórí wọn léèrè bí wọ́n ṣe mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Tábìlì tó bá ṣófo la gbé e lé." Mẹ́ta bọ́ sí àyè wọn. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì lọ sí Yàrá Kọ̀ǹpútà Kejì, ti Yàrá Kejì sì wá sí ọ́fíìsì. Orúkọ tó wà lára tábìlì kò yí padà, nítorí náà, lójú ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ohun gbogbo wà bó ṣe yẹ kó wà. Èmi kò sí nílé. Mo lọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ní Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, àwọn ènìyàn ń to fáìlì padà ni, kò sẹ́ni tó tẹ ìwé kankan ní yàrá méjèèjì.

5. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ni ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ sáfà, tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí, fi hàn pé láti orí kọ̀ǹpútà Àǹtí Atẹ̀wé, iṣẹ́ olójú-ìwé mẹ́fà kan lọ ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìlélọ́gbọ̀n. Ó tún lọ nígbà tí aago kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì. Ó tún lọ nígbà tó kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo ibi tí àkọsílẹ̀ náà ti sọ ẹ̀rọ tó yàn. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, "Ọ́fíìsì" ni. Kò yan Yàrá Kejì rí lọ́jọ́ náà. Kódà, kò yàn án rí láti ìgbà tí sáfà ti wà.

6. Ẹ lè béèrè pé kí ló dé tó fi rán an lẹ́ẹ̀mẹ́ta, tí kò sì lọ wádìí. Ìdí rẹ̀ ni pé ní àkókò kan náà, kíláàsì kan ní Yàrá Kejì ń tẹ lẹ́tà ìwáṣẹ́ tí olùkọ́ wọn fún wọn ṣe. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ "Yàrá Kejì" ti wà ní ọ́fíìsì, nítorí náà lẹ́tà àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dọ̀ Àǹtí Atẹ̀wé. Kò yà á lẹ́nu. Kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ kan kì í ṣi ẹ̀rọ yàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í bọ́ sí ọ́fíìsì. Ó rò pé iṣẹ́ àwọn ọmọ ló dí ìlà, pé tiwọn ló ṣáájú tòun. Ó dúró díẹ̀, ó tún un rán, bí gbogbo wa ti í ṣe bí bébà kò bá tètè jáde. Ìránṣẹ́ ọ́fíìsì wà níbẹ̀, yóò sì jẹ́rìí sí i pé ó ń kó lẹ́tà náà jọ bó ṣe ń sọ pé, "Ẹ wá wò ó o, àwọn ọmọ yìí ń wáṣẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi tí mo ń wá ẹni tí yóò fi kún owó tèmi." Mẹ́tàdínlógún ni lẹ́tà náà. Ó tò wọ́n gún, ó fi píìnì dè wọ́n, ó sì kọ ọ́ sórí wọn pé kí wọ́n dá wọn padà fún olùkọ́ kọ̀ǹpútà. Mo rí wọn nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, wákàtí àti ọjọ́ sì wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá mọ̀ pé ìbéèrè ìdánwò wà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kò ní jókòó máa de lẹ́tà wọn.

7. Ní Yàrá Kejì, ọmọbìnrin kan tó lọ mú lẹ́tà tirẹ̀ bá ìṣirò lórí ẹ̀rọ. Ó gbé e sókè, ó ní, "Ta ló ni èyí o? Ó le ju tèmi lọ." Olùkọ́ kọ̀ǹpútà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, ó sì kà á lójú gbogbo kíláàsì: ojú ìwé méjìdínlógún. Ẹẹ̀mẹ́ta mẹ́fà náà ni. Kò sí ọ̀kan tó sọnù. Mo fara mọ́ ọn pé ìgbìmọ̀ yí ìbéèrè padà, nítorí ojú ti kan ti àkọ́kọ́.

8. Wọ́n ní ọmọ àbúrò Àǹtí Atẹ̀wé wà ní ọdún kẹta, pé nítorí ọmọ náà ló ṣe rán an. Òótọ́ ni pé ọmọ náà wà ní ọdún kẹta. Ṣùgbọ́n kíláàsì A ló wà, kíláàsì B ló sì wà ní Yàrá Kejì ní wákàtí náà, bí ìwé àkókò-iṣẹ́ tó wà lára ògiri ṣe fi hàn. Ní wákàtí yẹn, ọmọ náà wà lórí pápá, ó ń ṣeré ìdárayá, olùkọ́ rẹ̀ sì pe orúkọ rẹ̀, ó dáhùn.

9. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ara mi. Àwọn olùwádìí tí ìgbìmọ̀ yàn pè mí lórí fóònù níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè kan ni wọ́n bi mí: ṣé láti orí kọ̀ǹpútà Àǹtí Atẹ̀wé ni iṣẹ́ tó jáde ní Yàrá Kejì ti wá? Mo wo àkọsílẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Wọn kò bi mí bó ṣe dé ibẹ̀, èmi náà kò sì sọ pé kí wọ́n dúró kí n dé kí n yẹ ẹ̀yìn ẹ̀rọ wò. Ìdáhùn mi yẹn ni wọ́n kọ sínú ìwé ìdádúró rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ààbọ̀ ẹ̀rí ni.

10. Mo tún gbọ́ pé ìgbìmọ̀ fẹ́ yọ sáfà kúrò, kí a so ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ kọ̀ǹpútà kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí bí ti tẹ́lẹ̀ ṣe rí. Ogójì ọmọ ló ń tò sẹ́yìn kọ̀ǹpútà kan pẹ̀lú fláàṣì lọ́wọ́, fáírọ́ọ̀sì ń ti inú ọ̀kan bọ́ sí òmíràn, wákàtí ẹ̀kọ́ á sì parí kí ìdajì wọn tó tẹ ohunkóhun. Bí kọ̀ǹpútà yẹn bá kú, gbogbo yàrá jókòó lásán nìyẹn. Sáfà kò ṣe ohun tí a kò ní kó ṣe. Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ "Ọ́fíìsì" ló gbé iṣẹ́ fún. Àwa la gbé e sí yàrá mìíràn.

11. Ohun tí mo bẹ̀ yín fún rèé. Kí ìdádúró Àǹtí Atẹ̀wé parí ṣáájú Ọjọ́bọ̀, kí owó oṣù rẹ̀ sì pé. Kí ẹ fọwọ́ sí i pé kí n lẹ orúkọ mọ́ ara ẹ̀rọ gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé ẹ̀rọ kankan kúrò láìsọ fún mi. Fún ìwé àṣírí, mo ti ṣe ètò kan lórí sáfà, mo sì ti dán an wò: iṣẹ́ náà yóò dúró lórí ìlà títí ẹni tó rán an yóò fi dé ìdí ẹ̀rọ, kó sì tẹ nọ́ńbà àṣírí tirẹ̀ sí i. Bí ẹ̀rọ bá wà ní yàrá tí kò yẹ, ojú ìwé kan kò ní jáde. Àṣẹ yín nìkan ló kù. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí gbogbo ohun tí mo kọ, mo ti fi ẹ̀rọ méjèèjì sílẹ̀ ní yàrá tí wọ́n gbé wọn sí. Ẹ wá ní Ọjọ́rú, aago mẹ́wàá. Kí ọ̀kan nínú yín jókòó ní ọ́fíìsì kó tẹ ojú ìwé kan, kí àwọn yòókù dúró ní Yàrá Kejì. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

12. Bí ẹ bá ní láti fún ẹnì kan ní ìwé ìkìlọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, èmi ni kí ẹ fún. Mo ti sọ ohun tí mo ṣe àti ohun tí mi ò ṣe, mi ò sì ní jiyàn.

13. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Àbúrò ni Àǹtí Atẹ̀wé jẹ́ sí mi lọ́jọ́ orí, mo sì lọ kí i nílé rẹ̀ lánàá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bóyá mo tẹ ibi tí kò yẹ ni. Ojú mi ti ń di bàìbàì." Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń tẹ ìwé ìdánwò nílé ẹ̀kọ́ yìí, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀sùn náà gbọ́. Mo sọ òótọ́ fún un, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó rò pé mo kàn ń tù ú nínú ni. Ẹnu yín nìkan ni yóò gbà á gbọ́. Mo bẹ̀ yín, nínú lẹ́tà tí ẹ ó fi pè é padà, kí ẹ kọ ọ́ kedere pé ibi tó yẹ kó tẹ ló tẹ̀.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù gbọ́ mi.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí,

Olùtọ́jú Kọ̀ǹpútà àti Nẹ́tíwọ́ọ̀kì.