Lọ́fínńdà Inú Àpò Símbíátù

Màámi, ẹ kú ilé o, ẹ kú àárò wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Steilshoop ní Jámánì níbí. Mo kí Bùrọ̀dá Múrí àti ìyàwó wọn, mo kí gbogbo ará ilé l'Ábẹ́òkúta. Òtútù mú, iṣẹ́ ń lọ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí ohùn mi ò já gaara. N kò lè sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Símbíátù ọmọ-ọmọ yín ni. Wọ́n ń pè é lólè.

Ẹ máa rántí Lena, ọmọ òyìnbó tó kí yín nínú fídíò lọ́jọ́ Iléyá. Kíláàsì kan náà ni òun àti Símbíátù. Etí odò Elbe ni ilé wọn wà, ọgbà wọn nìkan fẹ̀ ju gbogbo ilé tí à ń gbé lọ. Ọmọ dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló ya àwòrán ńlá tó wà lára ògiri kíláàsì wọn, ọwọ́ dúdú àti funfun tó di ara wọn mú. Ó máa ń sọ fún mi pé láyé tiwọn, kò sẹ́ni tó ń wo àwọ̀ mọ́, pé ọ̀rọ̀ àwọn àgbà nìyẹn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín, mo máa ń bu ìrẹsì fún un.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn méjèèjì wọ ṣọ́ọ̀bù kan nígboro. Lena mú ìgò lọ́fínńdà kékeré, ó sì jù ú sínú àpò Símbíátù láìjẹ́ kó mọ̀. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ o, eré ni lójú tirẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà ké, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ní kí Lena máa lọ, ó sì di Símbíátù lápá mú. Ẹ̀rù ba Lena, ó sá lọ sílé. Kí n tó ti Hafen dé, èbúté ọkọ̀ ojú omi tí mo ti ń di ẹrù, ọlọ́pàá ti kọ orúkọ ọmọ mi sílẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé ìwé Einbürgerung rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, èyí tí yóò sọ ọ́ di ọmọ onílùú níbi tí mo bí i sí. Bí ẹjọ́ bá wà lọ́rùn rẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ sí ìwé náà.

Lọ́jọ́ kejì, Lena àti ìyá rẹ̀ gbé kéèkì wá. Ọmọ náà sunkún, ó jẹ́wọ́. Ó ní òun rò pé bí wọ́n bá tiẹ̀ mú àwọn, wọn á kàn pe òbí àwọn ni. Ó tún ní ọkùnrin yẹn kàn ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni, kì í ṣe torí àwọ̀. Inú bí mi, mo gbé e mì. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹni tó bá wá bẹni dé ilé, a kì í lé e. Mo gbá a mọ́ra, mo ní ó ti tán. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́, wọ́n lọ. Àṣé wọ́n gbà pé ó ti tán lóòótọ́. Lójú tèmi, ẹ̀bẹ̀ la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà, àtúnṣe ló kù. Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, kò sẹ́ni tó lọ sọ òótọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Símbíátù bínú sí mi gan-an. Jámánì ló fi sọ ọ́, ó ní mo fi orúkọ òun ra kéèkì. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Lùkímọ̀nù àbúrò mi pè láti Marzahn ní Berlin, ó ní àlejò ni wá, kí n má bá onílé jà. Mo ti bá a gbé ibẹ̀ rí. Nínú tram, ọkọ̀ ojú irin ìgboro wọn, wọ́n á bú èèyàn lójú kojú, èèyàn á mọ ẹni tó kórìíra òun. Ti ìhín, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń ṣe é.

N kò gbọ́ tirẹ̀. Mo pe Lena, mo sọ fún un pé mo ti gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ náà kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lánàá, òun nìkan. Nígbà tó padà wá bá wa, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó ní òun sọ fún ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pé òun lòun jí i, òun lòun sì fi sínú àpò Símbíátù. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó ní ọ̀rẹ́ gidi ni, kó má gba ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn rù. Lena tún un sọ. Ó ṣí àpò tirẹ̀ síwájú wọn, wọn ò wo inú rẹ̀. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un pé kó máa lọ sílé.

Lọ́la, èmi, òun àti ìyá rẹ̀ ń lọ bá ọlọ́pàá. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé wọn ò ní gba òun gbọ́ níbẹ̀ náà. Ti ṣọ́ọ̀bù yẹn nìgbà àkọ́kọ́ tó sọ òótọ́ tí wọn ò gbà á gbọ́. Ti Símbíátù ti pẹ́.

Ẹ fi orúkọ ọmọ yìí sínú àdúà Jímọ̀ yín. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ kí Àlájà ilé kejì àti gbogbo ẹni tó bá béèrè wa. Símbíátù ní òun kí yín, kí n sì sọ fún yín pé òun ò jí nǹkan kan.

Èmi ni ọmọ yín,
Kúdírátù