Orúkọ Tó Ṣáájú Ẹni Dé

Ọjọ́ Ajé, 6 oṣù Ẹ̀bìbì

Òjò wínníwínní láti àárọ̀. Mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mi ò padà sílé ìwé mọ́. Wọ́n ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà tí mo sín jẹ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo ní mo ti tọrọ rẹ̀. Wọ́n ní ohùn ọ̀gá náà ni mo fi tọrọ rẹ̀.

Nítorí náà Bàbá àgbà mú mi mọ́ iṣẹ́ wọn – ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Kìlómítà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òkúta wẹ́wẹ́ lásán, láàárín ahoro àwọn awakùsà góòlù ayé àtijọ́. Láti Àtíbàbà Ṣọ́ọ̀ṣì nísàlẹ̀ dé Àtíbàbà Sàréè lókè. Àtíbàbà kọ̀ọ̀kan ní ilẹ̀kùn tí à ń ṣí láàárọ̀, ìwé ńlá kan sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ kọjá á kọ orúkọ àti aago nísàlẹ̀, á tún kọ ọ́ bó bá dókè. Orúkọ tó bá wọlé tí kò jáde kí oòrùn tó wọ̀, Bàbá àgbà á wá olúwa rẹ̀ lọ. Kòtò awakùsà pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, fóònù kì í sì í mú níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n ti ń ṣe é, lórí Ṣaworo. (Èmi ni mo sọ kẹ̀kẹ́ wọn ní Ṣaworo. Irin ẹ̀yìn rẹ̀ ti tú, ó máa ń dún ṣìnkìn-ṣìnkìn, wọn ò gbà kí n dè é.) Wọn ò pàdánù ẹnì kankan rí.

Èmi ń fi ìwé náà ṣeré. Lánàá mo kọ ọ́ sí ti òkè pé: "Bíṣọ́ọ̀bù kan, lórí kẹ̀kẹ́ onítáyà kan. Àdúrà ni mo fi ń wà á." Aránmú kà á. Ìyáàfin Lorraine Pascoe, alága ìgbìmọ̀ ọ̀nà, ni Aránmú – imú ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, àlejò ńlá ti yà lọ́dọ̀ wa o!" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Bàbá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Tam, ìwé yẹn kì í ṣe ohun eré. Okùn ni. Ẹni tó wà nínú kòtò ló di ìdí rẹ̀ mú."

Ó dáa. Mo gbọ́.

Ìṣẹ́gun, 7

Òtútù. Kò sẹ́ni tó kọjá. Mo fi ohùn Aránmú bá àwọn àgùntàn sọ̀rọ̀, wọ́n pé jọ bí ìgbìmọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9

Ìyáàfin Laidlaw dé láti ìlú Geelong láàárọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń wá, lọ́jọ́ tí ọkọ wọn kú. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń gun ọ̀nà yìí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí àwọn nìkan, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, ẹsẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹyẹ. Yíǹkì elésè àlùkò ni wọ́n fi ń kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Ìkọ̀wé wọn á ká kòrókòró bí ìwo àgbò. Gbolóhùn kan náà ni wọ́n fi ń parí rẹ̀ lọ́dọọdún: "Afẹ́fẹ́ lójú, ẹsẹ̀ ṣì ń yí."

Wọ́n fún mi ní bisikíìtì tí wọ́n yan fúnra wọn.

"Ìwọ lọmọ ọmọ Denzil tó ń sín gbogbo ayé jẹ? Ó yá, sín mi jẹ kí n gbọ́."

Mo sín wọn jẹ. Ikọ́ kékeré tí wọ́n máa ń wú kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, gbogbo ẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di òpó mú. "Yéè! Ọmọ burúkú! Má jẹ́ kí n lọ pàdé ara mi lójú ọ̀nà o!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló kó sí mi lórí. Wọ́n gun kẹ̀kẹ́ lọ. Èmi gba títì ọ̀dà tó gé kúrú, mo dé Àtíbàbà Sàréè ṣáájú wọn. Mo ní báírò elésè àlùkò. Mo kọ ọ́ sínú ìwé òkè: "Isobel Laidlaw. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú. Afẹ́fẹ́ lójú, ẹsẹ̀ ṣì ń yí." Ìwo àgbò, kòrókòró. Kí wọ́n dé, kí wọ́n bá ara wọn níbẹ̀! Mo sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta sàréè láti wo ojú wọn.

Aago mẹ́ta. Aago mẹ́ta ààbọ̀. Òjò dé. Ní aago mẹ́rin mo lọ sílé. Àgbàlagbà ni, wọ́n ń rọra bọ̀.

Ìrọ̀lẹ́. Bàbá àgbà wọlé, aṣọ òjò wọn ń kán tó-tó-tó. "Gbogbo wọn wọlé, gbogbo wọn jáde." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ nìyẹn. Wọ́n fọwọ́, wọ́n jókòó ti ọbẹ̀ àgùntàn.

Mo la ẹnu. Ọ̀rọ̀ dé eyín. Mo gbé e mì pẹ̀lú ọ̀dùnkún.

Ìyáàfin Laidlaw á ti dé lẹ́yìn tí mo kúrò. Wọ́n á ti rí i, wọ́n á ti rẹ́rìn-ín. Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ, nígbà tó ti wà níbẹ̀? Bó ṣe rí nìyẹn. Bó ṣe rí nìyẹn.

Òjò ń lu páànù.

Ẹtì, 10

Ajá Rudge olùsìn-àgùntàn ló rí Ìyáàfin Laidlaw, aago méje àárọ̀. Nínú ọ̀gbun ẹ̀yìn afárá òkúta. Ewé tútù ló mú táyà wọn yọ̀. Egungun itan ti ṣẹ́, kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ lé wọn lórí, ẹrẹ̀ dé àyà. Wọ́n ṣì ń mí.

Rudge sọ fún Bàbá àgbà lẹ́nu ọ̀nà wa – mo gbọ́ látinú kíṣìnì – pé ohun tí wọ́n ń sọ ṣáá ni, "Mo mọ̀ pé Denzil á wá. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni mo ń tẹ́tí sí."

Bàbá àgbà ti ilẹ̀kùn. Wọ́n yíjú. Wọ́n wò mí, ó pẹ́.

Àbámẹ́ta, 11

Mi ò sín ẹnì kankan jẹ lónìí.

Àìkú, 12

Ìpàdé nínú gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìsìn. Àga kún. Aránmú dìde, ìgbà àkọ́kọ́ tí imú rẹ̀ ò pa mí lẹ́rìn-ín.

"Denzil, orúkọ obìnrin yìí wà nísàlẹ̀. Ṣé ó wà lókè?"

Bàbá àgbà ní, "Mi ò gòkè lọ wò ó. Òjò ń rọ̀. Ó rẹ̀ mí."

Irọ́. Mo rí aṣọ òjò wọn.

"Ọdún mọ́kànlélógún, Denzil!"

"Mo mọ iye ọdún tí mo ṣe, Lorraine."

Rudge ní, "Àgbà ń sùn sídìí iná, obìnrin ń kú lọ nínú kòtò." Kò sẹ́ni tó ní kó panu mọ́. Wọ́n ní kí Bàbá kó kọ́kọ́rọ́ àtíbàbà méjèèjì sílẹ̀, Rudge ni wọ́n sì kó o fún. Bàbá àgbà gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́, bí ẹni gbé ẹyin. Wọn ò wojú mi. Gbogbo ìgbà tí mo fẹ́ dìde ni ọwọ́ wọn wà lórí eékún mi, ó wúwo bí òkúta.

Ọjọ́ Ajé, 13

Mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Àtíbàbà Sàréè kí Rudge tó ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé ni mo gbà wọlé. Ojú ewé ọjọ́ kẹsàn-án ò sí nínú ìwé. Wọ́n ti ya á, ó gún régé, bí ẹni fi rúlà ya á.

Ọjọ́rú, 15

Ìyáàfin Laidlaw kú láàárọ̀ yìí ní ọsibítù. Òtútù ti wọ ẹ̀dọ̀fóró.

Bàbá àgbà gbé Ṣaworo kọ́ sórí ìṣó nínú ṣẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ó tó.

Ẹtì, 17

Mo lọ fi epo sí ṣéènì Ṣaworo. Mi ò mọ ìdí. Ọwọ́ mi ń wá iṣẹ́. Mo ṣí àpò irinṣẹ́ kékeré tó wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, kí n wá àkísà. Bébà tí wọ́n ká ní mẹ́rin. Yíǹkì elésè àlùkò. Ó dára – kí n má parọ́ – ó dára débi pé ìyá tó bí Isobel Laidlaw ò ní í mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ òun ló kọ ọ́.

Bàbá àgbà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Bàbá, ẹ ti mọ̀."

"Nígbà tí Rudge sọ ibi tó ti rí wọn. Ta ló tún lè ṣe irú ẹ̀ ní gbogbo àfonífojì yìí?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ sọ."

"Ìyẹn á jí wọn bí?" Wọ́n jókòó lórí garawa. "Orúkọ tèmi, mo ti lò ó gbó. Tìrẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú páálí. Tamsin, má ba irọ́ mi jẹ́."

Wọ́n wọlé. Bí wọ́n ṣe ń rìn yẹn – n ò tètè rí i pé wọ́n ti darúgbó.

Àìkú, 19

Àtíbàbà Sàréè. Ìka mi ti kú fún òtútù, ẹ wo ìkọ̀wé.

Láago mọ́kànlá, tí gbogbo wọn wà nínú ìsìn, mo lọ sí Àtíbàbà Ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn ìsìn ni wọ́n máa wá gbé òdòdó Ìyáàfin Laidlaw kọ́ síbẹ̀. Mo lẹ ojú ewé náà mọ́ ìwé. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ: "Èmi ni mo kọ èyí kí Ìyáàfin Laidlaw tó dé. Bàbá àgbà mi gòkè wá wò ó nínú òjò. Èmi ni mo tan wọ́n jẹ. Tamsin Kitto. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo ń lọ sókè." Ìkọ̀wé tèmi gan-an. Ó burẹ́wà. Mo ti gbàgbé bó ṣe rí.

Mo gun kẹ̀kẹ́ gba gbogbo ọ̀nà náà. Ahoro ṣọ́ọ̀ṣì tí kò lórùlé. Ògiri àwọn awakùsà. Ní afárá òkúta mo sọ̀ kalẹ̀. Àpá kẹ̀kẹ́ ṣì wà nínú ẹrẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀ títí ìdí mi fi tutù. Kò sí ìró kankan. Ohun tí Ìyáàfin Laidlaw ń tẹ́tí sí títí ilẹ̀ fi mọ́ nìyẹn.

Ìwé òkè wà níwájú mi. Mi ò tíì kọ orúkọ mi síbẹ̀. Tamsin Kitto ti wọlé, kò tíì jáde. Oòrùn ti ń wọ̀. Òfin ni pé kí ẹnì kan wá a. Bóyá Rudge ni, pẹ̀lú ajá rẹ̀. Bóyá ọlọ́pàá. Wọ́n á ti kà á báyìí. Bóyá wọ́n ti pinnu pé kò sẹ́ni tó máa wá, n ò sì ní bá wọn jà.

Dúró.

Nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn igi. Ṣìnkìn. Ṣìnkìn-ṣìnkìn. Ó dákẹ́ – wọ́n ń sinmi, òkè yẹn ga jù fún wọn – ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí n ké sí wọn. Ohùn Aránmú ló kọ́kọ́ wá sẹ́nu mi, lẹ́yìn náà ti ọ̀gá àgbà, lẹ́yìn náà ikọ́ kékeré Ìyáàfin Laidlaw. Mo gbé wọn mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ń wá èyí tó kù.