Àbẹ̀kẹ́ Ti Padà Sílé Rótìmí

Màámi,

Tọ́lá, ọmọ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ èyí sílẹ̀. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yìn yín ni wọ́n bí i. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, kó má ṣe fi oyin sí i.

Ara mi le. Orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu. Wọ́n ti gbé afárá kọjá lórí oríta Ajah, títì sì ti fẹ̀ dé ibi tí a ti máa ń sá ẹja. Ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n ránṣẹ́ sí yín. Ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ inú tẹlifíṣàn ni.

Ẹ rántí bí a ṣe máa ń wo eré náà nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, tí abọ́ edé á wà láàárín wa, tí a ó máa bó o. Tí pásítọ̀ inú eré bá ń gbàdúrà, ẹ ó wá gèlè bo orí, ẹ ó máa ṣe àmín. Mo máa ń fi yín rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí Rótìmí gbá Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ létí, ẹ bú u títí ẹja fi jóná lórí ààrò. Ẹja mi ni. Ẹ ò sì bẹ̀ mí.

Ìgbà tí ẹ wò ó kẹ́yìn, Àbẹ̀kẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, báàgì lọ́wọ́. Wọ́n dá eré dúró síbẹ̀. Kí Ọjọ́bọ̀ mìíràn tó pé, ẹ ti kú. Ohun tí ẹ bi mí kẹ́yìn lórí ẹní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọ. Ẹ ní ṣé ó lọ àbí kò lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wá sídìí sàréè yín lẹ́yìn ilé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, tí mo ń ròyìn fún yín.

Ó lọ lóòótọ́. Ó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó kọ́ bí a ṣe ń wo Rótìmí lójú láì gbọ̀n. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi sọ ọ́ di ènìyàn lójú wa. Títí dé ibẹ̀, òótọ́ ni mo sọ fún yín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá a padà. Rótìmí sunkún díẹ̀, ó ra aṣọ kan, Àbẹ̀kẹ́ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Rótìmí tún gbá a létí. Àbẹ̀kẹ́ kó ẹrù jáde. Ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Bí ẹni pé wọ́n fi omi ṣan gbogbo ohun tójú rẹ̀ ti rí kúrò. Ṣé ẹni tó ń kọ ọ́ kì í ka èyí tó ti kọ tẹ́lẹ̀ ni? Èmi tí mi ò mọ̀wé, mo rántí. Ọmọ ọwọ́ tí iná bá jó lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó tún ń nawọ́ sí i?

Tọ́lá ní wọ́n ń fà á gùn kí ìpolówó ọjà lè pọ̀ ni. Mo ní kí wọ́n fi ìyà Rótìmí fà á gùn nígbà náà. Ara tiẹ̀ náà gbà á.

Mi ò lè dúró tì yín kí n sọ bẹ́ẹ̀. Mo parọ́. Mo ní kò padà. Mo ní ó ti ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́fà, ó ti gba ilé sí Lẹ́kkí Phase 1, Rótìmí dé ẹnu géètì, mẹ́gàádì lé e. Ẹ dárí jì mí, ẹ má dárí jì mí, tèmi dáa ju tiwọn lọ.

Ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bísí, ọmọ àbúrò mi tí ẹ máa ń pọ̀n, lọ́kọ sí Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí. Kì í ráyè wo tẹlifíṣàn. Ojú ọ̀nà ni ọjọ́ rẹ̀ ń tán sí. Ó máa ń pè mí kí n sọ ibi tí eré dé, irọ́ kan náà ni mo sì ń pa fún un. Àṣé ọkọ rẹ̀ ń lù ú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lóṣù tó kọjá ló kó ẹrù jáde, ó gba yàrá kan ní Addo. Ó ní, Màmá, tí Àbẹ̀kẹ́ bá lè ṣe é, kí ló ń ṣe èmi?

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, ó fẹ́ wọ sùtánà rẹ̀, kó gbé èso àti àbẹ́là lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wọn. Yóò jẹ́rìí, yóò dárúkọ Àbẹ̀kẹ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń wo eré náà. Wọn á sọ fún un pé Àbẹ̀kẹ́ ti wà nílé ọkọ rẹ̀, ó ń ro ọbẹ̀. Ọkọ Bísí sì ti ń bẹ̀ ẹ́ kiri. Òun náà ti ra aṣọ.

Màámi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin, kí lẹ máa ṣe? Mo ti rò ó fúnra mi.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín ju bó ṣe fi hàn lọ nígbà tí ẹ wà láyé.

Tọ́lá, má tíì gbé bírò sílẹ̀. Màmá, ṣé kí èmi Tọ́lá kọ èyí náà? Kọ ọ́. Lọ bá Bísí ní Addo lónìí, kì í ṣe lórí fóònù. Sọ fún un pé mo parọ́, pé Àbẹ̀kẹ́ padà lẹ́ẹ̀mẹta. Sọ pé àwọn tó ń kọ ọ́ ló ń dá a padà. Òun Bísí, kò sẹ́ni tó lè dá a padà bí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Kó gbé èso rẹ̀ lọ, kó sì dárúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn Bísí, sọ fún ìyá rẹ̀, kó lọ máa bá a gbé yàrá náà títí ọ̀rọ̀ yóò fi rọlẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ńkọ́, Màmá? Má sọ nǹkan kan fún un.