Ìyá Dúnsìn Ló Jàre, Èmi Ni Mo Ṣi Ìṣirò Náà Ṣe

Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú tó bá gùn. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi pamọ́. Mo ṣe àṣìṣe kan nínú iṣẹ́ PhD mi, èmi nìkan ni mo mọ̀, obìnrin kan sì ti fẹ́ fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ẹ̀...

Ọmọ Odígbó ni mí, físíìsì ni mò ń kà. Gbogbo nǹkan tí ẹ ń wò yìí ló ní kóró kékeré kan nínú tí ojú ò lè rí. Ohun tí mò ń wádìí ni pé tí a bá mú kóró yẹn gbóná ju inú oòrùn lọ, tí a tún fún un pọ̀ mọ́ra gidi, báwo ló ṣe máa yọ́? Ṣé díẹ̀díẹ̀ ni, bí epo pupa tó dì nígbà ọyẹ́ tí a gbé sóòrùn, àbí lójijì ni? Kò sí ìkòkò tó lè gba irú ẹ̀, nítorí náà inú kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe é, òun là ń pè ní simulation. Kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ láti ipò tútù, á máa ṣírò lọ títí ooru á fi kárí. Nọ́ńbà tó bá kọ́kọ́ jáde, ńṣe la máa ń dà á nù, torí ara ẹ̀ ò tíì móoru. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ gan-an mọ èyí.

Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì daṣẹ́ sílẹ̀, ilé bàbá mi ni mo ti ń ṣe é. Ẹ sì mọ iná wa... wọ́n á mú un lọ, wọ́n á mú un dé, bí ìgbà mẹ́fà lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tó bá lọ ni kọ̀ǹpútà ń bẹ̀rẹ̀ láti ipò tútù lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi sì ń so gbogbo nọ́ńbà náà pọ̀ ṣáá, mi ò da ìbẹ̀rẹ̀ kankan nù àfi ti àkọ́kọ́. Bí mo ṣe ṣe ìdajì iṣẹ́ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá tún tiransifọ́mà àdúgbò wa ṣe, iná dúró, mo fi ṣe ìdajì tó kù, èyí tó gbóná jù. Nígbà tí mo ya gíráàfù, ó fò sókè lójijì láàárín! Mo pariwo. Supervisor mi bọ̀ mí lọ́wọ́, ó gbé e lọ sí ìpàdé àwọn onímọ̀ lókè òkun. Kò sí nǹkan tó yí padà lójijì o. Ibi tí wọ́n ti tún tiransifọ́mà ṣe ni, àwọn nọ́ńbà tútù ló fa ìdajì àkọ́kọ́ wálẹ̀.

Ìyá Dúnsìn jẹ́ tíṣà ní Ọ̀rẹ̀, ó fi ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ, ó ń ṣe Masters lọ́dọ̀ supervisor kan náà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún un ni kó tún ìṣirò mi ṣe láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Iléèwé wọn ní sólà, kọ̀ǹpútà tiẹ̀ kì í kú. Oṣù mẹ́jọ ló ti fi ṣe é, gíráàfù rẹ̀ ń gòkè jẹ́jẹ́, kò fò níbì kankan. Supervisor bú u níṣojú gbogbo wa pé kò fara balẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní kó lọ jókòó ti àwọn ọmọ ẹ̀. Ó wá bá mi, ó ní, "Dókítà mi, bóyá orí mi ni kò gbà á." Èmi náà ní kí n wá ibi tó ti ṣì í fún un, mo ṣí fáìlì mi àtijọ́... mo bá rí ti ara mi.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Ẹ tún gbìyànjú, ma." Ojú tì mí! Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa dán mi wò fún PhD yìí, bàbá mi tó ń dáko kòkó ti sọ fún gbogbo ìjọ pé ọmọ òun máa di dókítà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, màá bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, supervisor ò sì ní dárí jì mí láéláé. Ẹ má pa òwe fún mi, mo mọ̀ ọ́n, bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ó bá a. Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́ ni mo kọ́kọ́ pa, àṣìṣe ni. Ìgbà wo ló wá di irọ́? Ọjọ́ tí mo mọ̀ tí mi ò sọ ni, àbí?

Lánàá, Ìyá Dúnsìn ní kí n bá òun kọ lẹ́tà pé òun ti jáwọ́, torí òyìnbó mi dáa ju tòun lọ. Mo kọ ọ́. Mo tiẹ̀ kọ ọ́ dáadáa, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ó wà lórí tábìlì níwájú mi, ìbuwọ́lù rẹ̀ nìkan ló kù. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí pé òun ti gun ọ̀kadà ní Ọ̀rẹ̀, kí n bá òun tọ́jú bírò sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn... tó bá wọlé, kí ni kí n gbé lé e lọ́wọ́, bírò ni àbí fáìlì mi àtijọ́ yẹn?